Irúgbìn Orí Ààrò

Aránṣọ, fa àpótí yẹn súnmọ́ ibùsùn, kí o jókòó. Ìwọ ọmọ mi, ti ilẹ̀kùn, má sì jáde, nítorí oúnjẹ tí o jẹ dàgbà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ìyàwó rẹ gbé ọmọ wọlé, kó jókòó sórí ẹní níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó fún mi lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ bá ọ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Àyà ló ń dùn mí, kì í ṣe etí. Ẹ̀rù ikú ń bà mí, mi ò ní ṣe bí akíkanjú fún yín, ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju ikú lọ ni pé kí n lọ láìla ẹnu. Ohun kan wà tí mo ṣe nínú ilé yìí, lọ́dún tí òjò fi ojú wa rí màbo. Mo ti gbé e pamọ́ títí irun orí mi fi funfun. Aránṣọ, ìyá rẹ ni mo ṣe é sí, ìwọ ni mo sì ń ṣe é sí títí di òní. Mo rí i pé o tún ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìró rẹ nígbà tí ọmọ náà wọlé. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Má tíì dìde. Gbọ́ ọ tán, lẹ́yìn náà kí o ṣe mí bó o bá ṣe fẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ò mọ bí oko yẹn ṣe rí nígbà náà. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ẹ̀yìn ilé wa títí dé etí odò. Nígbà tí bàbá ọkọ mi kú, wọ́n la kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí àárín rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Apá ọ̀tún di ti bàbá rẹ, Aránṣọ, torí òun ni ẹ̀gbọ́n. Apá òsì di ti ọkọ mi. Kò pẹ́ tí àìsàn fi mú bàbá rẹ lọ, ìyá rẹ sì ń dá oko tirẹ̀ ro pẹ̀lú ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn gbọ́ngbọ́n. Inú ilé kan náà la wà. Ilé ìdáná tirẹ̀ kọjú sí tèmi, àgbàlá ló wà láàárín wa. Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ wa, ní yàrá àárín. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí láti òwúrọ̀, bí ẹni tó ń ṣọ́ wa. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá rẹ. Igi tí ewúrẹ́ jẹ kù, bó bá tún un gbìn, á yọ ewé. Ọmọ tó ń ké, bó bá ti gbé e, á dákẹ́. Èmi, Oníwàdùwàdù ni ọkọ mi sọ mí, kò sì purọ́ mọ́ mi. Mo máa ń bu omi kún garawa débi pé ìdajì rẹ̀ á ti dà kí n tó délé.

Bí a ṣe ń tọ́jú irúgbìn nìyí. Tí a bá kórè tán, a ó ṣa àgbàdo tó yọmọ dáadáa jù, a ó so wọ́n ní méjì méjì, a ó fi wọ́n kọ́ sábẹ́ àjà lórí ààrò, kí èéfín lè máa lé kòkòrò lára wọn títí òjò ọdún tuntun. Ní òpin ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò kọ̀, kò dá. Ògiri ń sun omi, aṣọ kì í gbẹ, nǹkan funfun bí òwú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára àgbàdo tí mo so. Ọkọ mi gbé orí sókè, ó wò ó, ó wò mí. Ọdún tó ṣáájú, mo gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ọgbà, ewúrẹ́ wọlé jẹ ẹ̀wà wa tán, kò sì tíì dárí ìyẹn jì mí. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ ni irúgbìn yìí wà. Bó bá tún bàjẹ́, kó ẹrù rẹ, kí o máa lọ sílé bàbá rẹ." Kò pariwo. Bó bá pariwo ni, ẹ̀rù rẹ̀ ì bá má bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ rí mi bí mo ṣe ń sáré kiri. Ó ní, "Iná kékeré, ìyàwó mi. Èéfín la fẹ́, kì í ṣe iná. Máa yí wọn padà lójoojúmọ́, wọ́n á gbẹ." Mo dá a lóhùn pé mo ti gbọ́. Bó ṣe lọ tán, mo to igi líle jọ sínú ààrò, mo fa okùn àgbàdo wálẹ̀ kí wọ́n lè súnmọ́ iná, mo ti ilẹ̀kùn, mo gba odò lọ fọ aṣọ. Mo ní kó tètè gbẹ, kí ojú ọkọ mi lè kúrò lára mi. Nígbà tí mo dé, ooru inú yàrá náà lù mí lójú. Mo fọwọ́ kan àgbàdo kan, mo yára fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Òórùn rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn yan àgbàdo jẹ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wò ó, èèpo rẹ̀ dúdú bíi ti gbogbo irúgbìn tó wà lórí ààrò, kò sí ẹni tó lè mọ̀. Mo fa okùn padà sókè. Ìyá Àgbà pè mí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ní, "Kí ló ń rùn bẹ́ẹ̀?" Mo ní, "Ata ló jóná, mà." Ó ní, "Ata."

Ọ̀gbẹlẹ̀ wá, ó sì pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í gbára jọ níkẹyìn, ìyá rẹ dán irúgbìn tirẹ̀ wò. Ó di hóró díẹ̀ sínú aṣọ tútù, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń wọ́n omi sí i. Nígbà tó ṣí i, ó sáré kọjá àgbàlá wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ìyàwó mi, wá wò ó, kò sí èyí tó kùnà!" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà, mo di tèmi. Mo ń ṣí i wò ní gbogbo ìgbà, Oníwàdùwàdù. Kò hù. Mo mú lára àgbàdo mìíràn, mo tún un dì. Èyí náà rọ̀, ó ń rùn. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná. Mo rí ara mi lójú ọ̀nà ilé bàbá mi pẹ̀lú ẹrù lórí, ìwọ ọmọ mi lẹ́yìn mi, àwọn èèyàn ń yọjú lójú fèrèsé. Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n dá ara mi. Bí mo bá kọjá àgbàlá yẹn tọrọ irúgbìn, ìyá Aránṣọ á fún mi ní ìdajì, kò sì ní béèrè nǹkan kan. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá tọrọ, ọkọ mi á gbọ́, ìyẹn nìkan ni mo lè rò.

Mo dùbúlẹ̀, mo ní orí ń fọ́ mi. Ọkọ mi ti lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ìyá rẹ wọlé, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí níwájú orí. Ó ní, "Ara rẹ ò gbóná, àmọ́ ojú rẹ ò dáa. Sùn. Èmi ni màá bá ọ kọ ebè tó kù." Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó fà ọ́ lọ́wọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí oko mi. Oko tèmi ni o! Ó wà níbẹ̀ tó ń làágùn sórí ebè mi nígbà tí mo gun àga nínú ilé ìdáná rẹ̀. Aṣọ búlúù bàbá rẹ tó ti gbó ló ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi so àgbàdo rẹ̀. Mo tú wọn. Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé ìdajì ni mo fẹ́ mú. Nígbà tí ọwọ́ mi kàn wọ́n, ẹ̀rù ní ìdajì ò ní tó, ẹ̀rù ní òjò lè dá, ẹ̀rù ní kí n kó gbogbo rẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀. Mo fi aṣọ búlúù yẹn so àgbàdo tí mo fi iná pa, mo gbé wọn kọ́ sípò, mo ń kánjú débi pé mo ń so, ó ń tú. Bí mo ṣe ń gbé ẹrù náà kọjá àgbàlá, Ìyá Àgbà ń yí ojú rẹ̀ tó fọ́ tẹ̀ lé ìró ẹsẹ̀ mi.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Mo ṣe bí wọ́n ní ara rẹ ò yá."

"Omi ni mo fẹ́ mu, mà."

"Omi náà wúwo lẹ́sẹ̀ rẹ," ló wí.

Ọlọ́wọ́ òsì ni ìyá rẹ, bíi tìrẹ. Ìdè tó bá so, apá ibòmíràn ló máa ń kọjú sí. Mi ò rántí ìyẹn àfìgbà tó gbé irúgbìn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti gbìn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mò ń wò ó. Ó yí ìdè kan sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó wá mi orí, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ìyàwó mi, ọjọ́ ogbó ti ń dé. Mi ò tiẹ̀ mọ ọwọ́ tí mo fi so nǹkan mọ́." Ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara rẹ̀, èmi ni mo sì gbin ìfura náà sí i.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ dáadáa. Gbogbo wa gbìn kíákíá. Oko tèmi hù, ó tò lọ tààrà bí ẹni fi òwú wọ̀n ọ́n. Lódìkejì kòtò, ilẹ̀ ìyá rẹ pupa, ó mọ́, kò sí nǹkan kan. Ó ní bóyá ẹyẹ ló hú u, ó jókòó sínú oòrùn, ó ń lé ẹyẹ tí kò wá. Ó ní bóyá ó jìn jù. Ó ń rìn láàárín ebè ní ìkúnlẹ̀, ó ń fi ìka rọra yẹ ilẹ̀ wò. Àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, wọ́n á wo oko tèmi, wọ́n á wo tirẹ̀, wọ́n á sì lọ láìkí i. Kò sí irúgbìn tó lè tọrọ, nítorí ọ̀rinrin ọdún tó kọjá ti ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́, oníkálukú sì ti gbin èyí tó kù ú kù. Òjò náà wá dá bí ẹni pa ẹ̀rọ omi. Oòrùn mú, atẹ́gùn gbígbẹ ń fẹ́ eruku, ewé àgbàdo mi ń ká jọ. Ṣé ẹ mọ ohun tí obìnrin yìí ṣe? Ó gbé garawa, ó ń pọn omi lódò, ó ń bu ú sí ìdí àgbàdo mi. Ó ní, "Ó kéré tán, kí oko ọ̀kan nínú wa yè. Ilé kan náà la wà." Àgbàdo tirẹ̀ ló ń bomi rin, kò sì mọ̀. Mo ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú garawa tèmi, mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá bá mi nínú ilé ìdáná. Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ojú mi. Hóró àgbàdo ni, ó ti jẹrà, iyẹ̀pẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó ní, "Mo hú wọn. Bá mi wò ó, ìyàwó mi. Mo fi eyín fọ́ ọ̀kan, inú rẹ̀ pọ́n, iná ni mò ń tọ́ wò lẹ́nu. O mọ̀ mí, èmi kì í dá iná ńlá. Ṣé irúgbìn mi rèé?" Ó ti débẹ̀, Aránṣọ. Òótọ́ ti wà láàárín eyín rẹ̀. Ọkọ mi wà lẹ́yìn ògiri tó ń fọ ẹsẹ̀, mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà. Mo rò pé bí obìnrin yìí bá tún sọ̀rọ̀ iná lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkọ mi á rántí òórùn tó bá nílé lọ́jọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ á sì tú. Mo wá la ẹnu mi yìí. Mo ní, "Kò sí iná nínú rẹ̀, mà. Gbogbo èèyàn ti ń sọ ọ́, èmi ni mi ò fẹ́ kó ti ẹnu mi jáde. Láti ìgbà tí ọkọ yín ti kú ni ọwọ́ yín ti yí padà. Ọwọ́ yín ló pa á."

Kò bú mi. Kò sunkún. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yí ọwọ́ náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi ìró nu ún, ó sì jáde. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, Ìyá Àgbà pè mí sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú kankan. Ó ní, "Ọmọ méjì ni mo bí. Ọ̀kan ti lọ. Èyí tó kù gbọ́dọ̀ jẹun. Mo gbóòórùn ata rẹ ọjọ́ yẹn. Má jẹ́ kí n tún gbọ́ ohùn rẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí." Bó ṣe di pé a di méjì tó mọ̀ nìyẹn. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wo bí mo ṣe rí. Láti ọjọ́ kejì, ìyá rẹ ṣì ń pọn omi fún wa, ṣùgbọ́n kò kọjá kòtò mọ́. Á gbé garawa kalẹ̀ sí bèbè, á yẹra, á ní kí n wá gbé e, kí ọwọ́ òun má bàa kan oko mi. Ìwọ náà, tó o bá ṣubú tó o ń ké, ó máa ń pè mí kí n wá gbé ọ.

Òjò padà dé nígbà tí àgbàdo mi ti ń gbó. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, mi ò sì gbàdúrà kí n tún rí i. Ó rọ̀ láti òwúrọ̀, ilẹ̀ òkè ń ya lulẹ̀, omi pupa ń ru bọ̀ nínú kòtò àárín yẹn. Ó kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí apá òsì, sí oko wa. Àgbàdo ti ń dùbúlẹ̀. Ọkọ mi ń pariwo, ó ń kó iyẹ̀pẹ̀ dí i, omi ń gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ. Nígbà náà ni mo rí ìyá rẹ lódìkejì, omi ti dé ìbàdí rẹ̀, ó ń fi ọkọ́ fọ́ bèbè tirẹ̀. Mo ń kígbe pé kó jáde. Ó kígbe padà, "Tèmi ò ní nǹkan kan nínú! Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi!" Bèbè náà ya. Omi yà sí ilẹ̀ rẹ̀ tó ṣófo, ó gbé gbogbo ebè rẹ̀ lọ sínú odò. Oko wa yè. Ohun tí ẹ jẹ lọ́dún yẹn, ohun tí a jẹ kí òmíràn tó tó kórè, inú omi yẹn ni ó ti yọ ọ́ fún wa.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ mú ìyá rẹ, ibà wá tẹ̀ lé e. Afárá ti já, kò sí bí dókítà ṣe lè kọjá. Mo jókòó tì í, mò ń fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀. Ọkọ mi wà nídìí fèrèsé, Ìyá Àgbà wà lórí àga. Ìyá rẹ fà mí mọ́ra, ó ní, "Ìyàwó mi, o ṣeun tó o sọ òótọ́ fún mi nígbà tí àwọn yòókù ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Bá mi tọ́ ọmọ mi. Má jẹ́ kó fọwọ́ kan irúgbìn. Ó lè jẹ́ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀." Etí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi gan-an. Bí mo bá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, òun nìkan ni ì bá gbọ́, ì bá fi ọkàn balẹ̀ lọ. Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà." Ó kú kí ilẹ̀ tó gbẹ.

Mo mú ìlérí náà ṣẹ. Ìlérí tó yẹ kí n dà ni mo mú ṣẹ! Mo tọ́ ọ, mo fún ọ lóúnjẹ, mi ò sì jẹ́ kí o ṣe iṣẹ́ oko. Àwọn aládùúgbò ní mò ń kẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló burú jù, ẹ fún mi lómi díẹ̀. Ẹ ṣeun. Aránṣọ, ṣé o rántí agolo kan? Olùkọ́ yín fún yín ní ẹ̀wà kí olúkúlùkù lọ gbìn ín sílé. O kò sọ fún mi, o gbin tìrẹ pamọ́ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Ó hù. O gbé e wá hàn mí, ewé méjì tútù, ojú rẹ ń dán. O ní, "Màmá, ó hù, èmi ni mo gbìn ín." Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn ju ti ọjọ́ omi lọ. Mo rò pé tí ọwọ́ ọmọ bá dára, wọ́n á béèrè pé kí ló ṣe ọwọ́ ìyá. Nígbà tó o lọ sílé ìwé, mo gbé ìkòkò kúrò lórí iná, mo da omi gbígbóná sínú agolo náà. Ìgbà tó o dé, ewé ti rọ mọ́ ẹnu agolo. O kò ké. O wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ, o yí ọwọ́ padà, o wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ìyá rẹ ṣe ṣe é gẹ́lẹ́. Mo dúró níbẹ̀, mò ń wò ọ́, mo sì sọ pé ó dùn mí. Ewé méjì yẹn ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí.

O lọ sí ìlú, o kọ́ṣẹ́ aṣọ, mo yọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi bí ọmọ rẹ̀ yìí, o wá kí wa, o dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn tí ọwọ́ rẹ wà lẹ́yìn. Wọ́n ní kí o gbé e. O ní òtútù ń mú ọ, o ní ọwọ́ rẹ tutù. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó o ń sá fún. Ìyá Àgbà ti lọ, ọkọ mi ti lọ, kò sí ẹni tó lè lé mi jáde mọ́, síbẹ̀ ẹnu mi kò là. Ẹ̀rù náà ti mọ́ mi lára. Ìyàwó ọmọ mi, ìwọ ni mo ń bá wí báyìí, ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Bí nǹkan bá jóná lọ́wọ́ rẹ, kígbe. Jẹ́ kí wọ́n bú ọ, jẹ́ kí wọ́n lé ọ pàápàá. Ìwọ ọkọ rẹ̀, má ṣe sọ̀rọ̀ sí i lọ́nà tí kò fi ní lè kígbe.

Ó ku ohun kan. Lọ́jọ́ tó o dé, Aránṣọ, mo ní kí o bá mi da ohun tó wà nínú kọ́ọ̀pù sínú aṣọ, kí o rẹ ẹ́, kí o dì í. O fà sẹ́yìn. O ní, "Màmá, àgbàdo nìyí, ẹ mọ̀ pé mi kì í fọwọ́ kàn án." Mo ní kì í ṣe gbígbìn, oògùn àyà ni, ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Irọ́ ni. Irọ́ tí mo pa fún ọ kẹ́yìn nìyẹn. Irúgbìn ìyá rẹ ni. Láti ọdún yẹn ni mo ti ń gbìn ín, tí mò ń ṣa èyí tó dára jù, tí mò ń fi iná kékeré tọ́jú rẹ̀ bó ṣe kọ́ mi. Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ dì í, ọwọ́ òsì rẹ ló so ìdè náà, ìwọ náà lo ń wọ́n omi sí i láràárọ̀ tó o rò pé ò ń tọ́jú mi. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi yìí. Mi ò tíì ṣí i. Mi ò lè ṣí i. Bí kò bá hù ńkọ́? Ọmọ mi, ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Aránṣọ, fà á jáde. Tú u fúnra rẹ.

Kí ló dé tí gbogbo yín dákẹ́? Ẹ sọ̀rọ̀, mi ò lè gbé orí. Ọmọ mi, ìwọ sọ fún mi. Ó hù? Gbogbo rẹ̀? Ẹ gbé e wá kí n fọwọ́ kàn án. Háà. Gbòǹgbò rèé. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ìyáálé mi, ẹ forí jì mí.

Aránṣọ, má dá mi lóhùn bí o kò bá fẹ́. Bí o bá fẹ́ bínú sí mi títí ayé rẹ, o ní ẹ̀tọ́, mi ò ní bẹ̀ ọ́ jù. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ. Má fi ọwọ́ rẹ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Wò ó, ariwo wa ti jí ọmọ náà, ó ti ń ké. Ìyàwó ọmọ mi, má rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Gbé e fún un. Aránṣọ, na ọwọ́ rẹ. Gbà á. Gbà á, ọmọ mi, má wo ojú mi.

Ẹ gbọ́. Ó ti dákẹ́.